Ẹgbẹ́ Ṣe Pàtàkì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Síbẹ̀, àwọn kan ní ẹni tí ó ti gba oyè kìíní, tí ó padà sí Yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àti àkọsílẹ̀, kò ní àkókò fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Olùkọ́ lè kọ́ ọ bí a ṣe ń to fáìlì. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ ni akọ̀wé ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, tí akápò sì ń ṣírò owó fún ojúgbà rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìdìbò a máa gba àkókò. Ṣùgbọ́n bí àwọn olóyè bá parí ẹ̀kọ́, tí wọ́n gbé ìwé ẹgbẹ́ lọ, àwọn tí ó rọ́pò wọn kò ní mọ iye tí ó wà ní báńkì. Ẹni tí kò lè tọ́jú ìwé ẹgbẹ́, ṣé ìwé ìjọba ni yóò tọ́jú?

Nítorí náà, bí o bá dé ibẹ̀ lọ́la, wọ ẹgbẹ́. Nígbà tí o bá sì ń lọ, fa ìwé lé arọ́pò rẹ lọ́wọ́.