Kí Ló Jẹ Eyín Àgbàdo?
Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgbàdo ìyá kan ní oko Èjìgbò kò yọmọ pé, ó sì ní aládùúgbò òun ló fi oògùn bà á jẹ́. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òdòdó àgbàdo ná.

Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ ni akọ. Nínú rẹ̀ ni ohun wínníwínní tí ẹ̀yin olùkọ́ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ti ń pín: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì di lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Abo wà lára ṣùkù, ní ìdí irun. Òun náà a pín sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n mẹ́ta a kú, ẹyọ kan ṣoṣo ní í kù. Ìyanu ni lójú mi! Irun kan, ọmọ kan: èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá bà lé, àlàfo ni yóò fi sílẹ̀.

Bí ọ̀dá bá dá nígbà náà, irun a pẹ́ kí ó tó yọ, ìrùkẹ̀rẹ̀ a sì ti da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tán. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló sọ pé òjò dá lóko òun lákòókò náà. Mo ti ní kí ó lọ kí aládùúgbò rẹ̀.