Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ló Yẹ Kó Yan Búṣìn, Kì Í Ṣe Ìwọ̀n Nìkan

Láti Ṣàngó Ọ̀tà dé Alápòtí, títí lọ sí Àtàn àti Ìgbẹsà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, iléeṣẹ́ ló wà káàkiri: àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò, àwọn tó ń lọ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Nínú gbogbo wọn, ohun kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábàá rántí títí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́. Búṣìn ni, ìyẹn òrùka gígùn tí wọ́n tì bọ ihò irin kí ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin inú ẹ̀rọ, lè máa yí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ tán, ẹnì kan á fi kálípà wọn inú, ìta àti gígùn rẹ̀, á kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí ìwé pélébé, á sì fi ránṣẹ́ sí ọjà tàbí sọ́dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kò tó. Iṣẹ́ tí búṣìn fẹ́ ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ wà lórí ìwé náà, kí ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa ra búṣìn kan náà léraléra, yóò sì ra ṣáàfù kún un. Ẹni tó bá ra bàtà nítorí pé ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu nìkan, láìbéèrè bóyá oko ló ń lọ tàbí àríyá, kò tíì ra bàtà.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Búṣìn kò tóbi, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó máa jẹ tán, kí ṣáàfù olówó ńlá lè pẹ́, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ṣáàfù lọ. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè Ọ̀tà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó ní 1896, tó gba agbègbè náà kọjá, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, jẹ́ ti ayé ìgbà tí àgbá ọkọ̀ ojú irin kì í yí lórí bíárìn oníbọ́ọ̀lù. Idẹ tí wọ́n tẹ́ irin funfun rírọ̀ sí nínú ló ń gbé ẹrù wọn, irú irin tí Isaac Babbitt, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1839. Irin rírọ̀ náà ń gba ìdọ̀tí mọ́ra, ó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rì sínú òun dípò kó fá ṣáàfù. Tọ́nà tó bá wá gbẹ́ búṣìn láti ara àfọ́kù irin líle tí kò mọ orísun rẹ̀ ti yí ètò náà padà: ṣáàfù ni yóò máa jẹ, búṣìn ni yóò máa pẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹrù àti eré. Àpẹẹrẹ kan rèé. Ṣáàfù kan fẹ̀ ní mìlímítà 40, búṣìn rẹ̀ gùn ní mìlímítà 40, ẹrù tó gùn ún sì tó kìlógíráàmù 800. Bí wọ́n bá pín ẹrù yẹn sórí ojú búṣìn, 40 lọ́nà 40, yóò jẹ́ nǹkan bíi Newton 4.9 lórí mìlímítà kan níbùú lóròó. Bí ṣáàfù bá ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ ń rìn ní nǹkan bíi mítà 0.126 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà eré yẹn jẹ́ 0.62. Búṣìn idẹ tó ní òróró nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní SAE 841, lè gbà tó 1.75, nítorí náà kò séwu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé eré náà lọ sí 300 kí iṣẹ́ lè yá, ìṣirò náà di 3.1. Inú kò yí padà, ìta kò yí padà, gígùn kò yí padà, ẹrù sì wà bó ṣe wà. Síbẹ̀, búṣìn tó yẹ lánàá ti di èyí tí yóò gbóná títí tí yóò fi jó. Kálípà kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é ló kàn. Nínú idẹ SAE 660, bàbà kó nǹkan bí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, tánńganran 7, òjé 7, síńkì 3. Ó dára fún ẹrù wúwo tó ń yí jẹ́jẹ́, bí ẹnì kan bá ṣáà ń fún un ní gíríìsì. Nítorí òjé inú rẹ̀, kò yẹ níbi tó ti lè kan oúnjẹ. SAE 841 jẹ́ bàbà 90 àti tánńganran 10, tí wọ́n tẹ̀ láti ìyẹ̀fun, tí wọ́n sì fi iná sun. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń mu òróró tó bí ìdá kan nínú márùn-ún àyè rẹ̀, ìyẹn ló fi dára níbi tí ọwọ́ kò ti lè dé láti fi gíríìsì sí i. Ọ̀bẹ léètì tó ti kú lè dí ihò wọ̀nyẹn pa, ẹni tó bá sì fi pẹ́tírólù fọ̀ ọ́ ti fọ òróró rẹ̀ nù.

Nylon kì í pariwo, kì í sì fẹ́ òróró púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó sì ń wú. Ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò láti àárọ̀ di alẹ́, búṣìn Nylon tó wọlé wẹ́rẹ́ lè di ṣáàfù mú gírígírí tó bá yá. Bí ooru bá mú un, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje bí irin ṣe ń fẹ̀. Teflon kì í mu omi ní tirẹ̀, ó sì lè gba ooru tó 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá pò ó mọ́ nǹkan mìíràn, ẹrù wúwo yóò tẹ̀ ẹ́ bẹ́rẹ́. Funfun ni àwọn méjèèjì, ojú lásán sì lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Òṣùwọ̀n ló ń tú àṣírí: ègé Teflon fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì ègé Nylon tí títóbi wọn dọ́gba. Sítọ́ọ̀ tó ní òṣùwọ̀n kékeré kò nílò láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́.

Búṣìn elétí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní flange búṣìn, ń fẹ́ ìbéèrè tirẹ̀: ǹjẹ́ ṣáàfù ń tì sí ẹ̀gbẹ́? Nínú ẹ̀rọ onískúrù tó ń gbé oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, bí skúrù ṣe ń ti ẹrù síwájú ni ṣáàfù fúnra rẹ̀ ń tì sẹ́yìn. Etí búṣìn ló ń gba ìtì yẹn. Bí kò bá sí, búṣìn á máa rìn jáde díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ jíà máa jẹ ara ẹ̀rọ. Níbi tí kò bá sí ìtì ẹ̀gbẹ́, etí lè jẹ́ ìnáwó lásán. Ibi kan tún wà tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe púpọ̀. Ní igun tí etí ti pàdé ara búṣìn, ó máa ń ṣe róbótó díẹ̀ níbẹ̀. Bí wọn kò bá gé ẹnu ihò irin dagun díẹ̀ láti gbà á láyè, etí kò ní jókòó pẹrẹsẹ, ojú kan ni yóò máa gba gbogbo ẹrù, yóò sì já. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tà á nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n tó dé, àní òun náà ju nọ́ńbà mẹ́ta lọ. Àyè tó yẹ láàárín ṣáàfù àti búṣìn idẹ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú ṣáàfù, ìyẹn mìlímítà 0.05 fún ṣáàfù mìlímítà 50. Bí wọ́n bá sì ti ti búṣìn bọ ilé rẹ̀ tó há, inú rẹ̀ máa ń fún sí i. Tọ́nà tí wọn kò sọ èyí fún yóò gbẹ́ inú rẹ̀ kó bá ṣáàfù mu lórí tábìlì, yóò sì há nínú ẹ̀rọ. Òòlù ni wọn yóò wá fà yọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Prẹ́ẹ̀sì ló yẹ kó ti búṣìn wọlé.

Ìbéèrè iṣẹ́ yìí kan náà kan gírómẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Gírómẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tí wọ́n fi ń wọ ẹnu ihò páńẹ́ẹ̀lì kí irin má baà bó wáyà, ni wọ́n ń fojú tín-ín-rín jù lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló wà láàárín ẹ̀mí òṣìṣẹ́ àti iná. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n máa ń fi etí irin rẹ́ wáyà jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí bàbà inú rẹ̀ bá kan irin, ara ẹ̀rọ ti di iná. Tíúbù táyà tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tó ń ta òróró, nítorí òróró máa ń wú u títí yóò fi rà. Orílẹ̀-èdè yìí ní rọ́bà tirẹ̀, ó sì ti ní iléeṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ní Iyanomo lẹ́bàá Benin láti 1961, ṣùgbọ́n rọ́bà igi pàápàá kì í bá òróró ẹ̀rọ rẹ́. Nitrile ló yẹ níbi tí òróró wà. EPDM yẹ níbi tí oòrùn, òjò tàbí ooru omi gbígbóná wà, bí òróró kò bá ti sí níbẹ̀. Silicone ló yẹ níbi tí ooru ti tó 200. Kòtò ara gírómẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ bá nínípọn páńẹ́ẹ̀lì mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò yọ jábọ́.

Àwọn tó ń ra nǹkan fún iléeṣẹ́ ní èsì tó lágbára. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti fi ọjà sílẹ̀ láti máa pinnu iye náírà, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 gòkè kọjá 1,500 ní 2024. Ta ló fẹ́ jókòó máa ṣírò nígbà tí ẹ̀rọ dúró, tí owó sì wọ́n? Òótọ́ ni ìnira náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló fi yẹ kí wọ́n ṣírò. Ní 1966, ìgbìmọ̀ tí Peter Jost ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé bí iléeṣẹ́ ilẹ̀ náà bá tọ́jú ibi tí irin ti ń ha irin dáadáa, mílíọ̀nù 515 pọ́n-ùn ni wọn yóò máa rí pamọ́ lọ́dọọdún. Ní 2017, Kenneth Holmberg àti Ali Erdemir ṣírò pé nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ayé ń lò ló ń bá ìhanra yìí lọ: 20 láti borí rẹ̀, 3 láti tún ohun tó jẹ tán ṣe. Iléeṣẹ́ tó ń sun dísẹ́ẹ̀lì nínú jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí ìdá 20 ń náni.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n ṣáà ra ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Ó dára níbi tí ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àlòkù pọ̀ ní Ọ̀tà, àwọn míì ń gbé ẹrù tí wọn kò ṣe wọ́n fún, nínú eruku àti ooru tí wọn kò bá pàdé rí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà yóò tún rí i pé kì í ṣe gbogbo búṣìn ló nílò dọ́là. Idẹ gidi tí tọ́nà Ṣàngó gbẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó péye tó fún ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ tó ń yí jẹ́jẹ́. Ìwé tó pé ló sọ tọ́nà náà di ẹni tí iléeṣẹ́ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, kí ìwé ìbéèrè tó jáde kúrò ní iléeṣẹ́, kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ àti ẹni tó ń tún un ṣe jọ kọ ohun méje sí i: ẹrù, eré, ooru, ohun tó ń kàn án, irú irin tí ṣáàfù jẹ́, bó ṣe ń rí òróró, àti bóyá ìtì ẹ̀gbẹ́ wà. Kí wọ́n má sì ju búṣìn àtijọ́ nù. Èyí tó jẹ lápá kan ń sọ pé ṣáàfù kò tọ́. Èyí tó dúdú ń sọ pé ooru pọ̀ jù. Èyí tó ní ìlà fífá ń sọ pé eruku ń wọlé. Èyí tí etí rẹ̀ nìkan tín-ín-rín ń sọ pé ìtì ẹ̀gbẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Oníléeṣẹ́ Nàìjíríà, MAN, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Yunifásítì Covenant àti Bells, tí àwọn méjèèjì wà ní Ọ̀tà, tí wọ́n sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, lè máa bá àwọn tọ́nà yẹ idẹ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, náà ní iṣẹ́ lọ́jà, níbi tí ọ̀pá tí wọn kò kọ ohunkóhun sí lára ti ń di idẹ lẹ́nu olùtà.

Kò sí èyí tó ń dúró de ìjọba tàbí owó ńlá nínú ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Alápòtí lè pàṣẹ lọ́la pé sítọ́ọ̀ kò gbọdọ̀ gba ìwé búṣìn tí kò sọ iṣẹ́ tí búṣìn ń ṣe. Bí ó bá di àṣẹ yẹn mú, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́ láti wo ẹ̀rọ kí wọ́n tó wọn ọ́n, ohun tó bá sì jẹ tán yóò jẹ́ èyí tó yẹ kó jẹ.