Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà?

Bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá pinnu láti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà sílẹ̀ lóde òní, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wá kì í ṣe igi, kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe àgbà tí yóò kọ́ wọn níṣẹ́. Bàbá ìsàlẹ̀ ni. Wọn a gbé pátákó kọ́, wọn a yan ààrẹ, akọ̀wé àti akápò, wọn a sì máa retí olówó kan láti òkè òkun. Bí olówó náà kò bá dé, ẹgbẹ́ a tú ká kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ya àwòrán kan ṣoṣo. Ìlú kékeré bí Aradagun, ní ojú títì tí ó ti Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ni irú àṣà yìí ti lè ba nǹkan jẹ́ jù, nítorí pé ohun èlò àti ọlọgbọ́n kò wọ́n níbẹ̀. Owó nìkan ni ó wọ́n.

Ìtàn Òṣogbo ni àwọn alágbàwí bàbá ìsàlẹ̀ máa ń tọ́ka sí. Wọn a ní bí kì í bá ṣe ti Ulli Beier, ará Jámánì, kò ní sí ohun tí ayé ń pè ní iṣẹ́-ọnà Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàìní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ó fo orí ọ̀rọ̀ dá. Ilé ta ni Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ sí ní 1962? Ilé ọtí Dúró Ládìípọ̀ ni. Àwọn ta ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kúkúrú tí Denis Williams àti, lẹ́yìn rẹ̀, Georgina Beier ṣe níbẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ládìípọ̀: Rufus Ogundele àti Muraina Oyelami ń bá a ṣeré, Jimoh Buraimoh sì ń mójú tó iná orí ìtàgé. Àgbájọ ti wà kí àlejò tó kó ọ̀dà dé. Ṣáájú òpin 1967 Beier ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Òṣogbo kò gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nítorí èyí.

Ẹ tún wo orúkọ ẹgbẹ́ náà. Mbari jẹ́ ilé tí àwọn Ìgbò ìhà Òwérrì máa ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Etí ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni pé ènìyàn ń sọ pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀, wọ́n sì fi Mbayo kún un. Ọjọ́ tí aráàlú ti yí orúkọ yẹn sí èdè ara wọn ni ẹgbẹ́ náà ti di tiwọn, yálà ẹnikẹ́ni fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Mbari ti Ìbàdàn, tí ó ṣáájú ti Òṣogbo ní 1961, ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Ògbóǹtarìgì ni àwọn tí ó kóra jọ síbẹ̀: Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J.P. Clark. Ṣùgbọ́n Congress for Cultural Freedom wà lára àwọn tí ó ń fún ẹgbẹ́ náà lówó, àṣírí sì tú ní 1966 àti 1967 pé CIA, àjọ amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí àjọ yẹn lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé náà ṣe kò di ẹ̀gbin nítorí èyí. Síbẹ̀, bí orí irú àwọn wọ̀nyẹn bá lè wà lábẹ́ agbòòrùn tí wọn kò mọ ẹni tí ó dì í mú, kí ni ti ọmọ ogún ọdún tí ń kọ lẹ́tà ìtọrọ owó ní etí ọ̀sà?

Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ wà, èso wọn sì pọ̀. Ní 1958 ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Zaria nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lóòótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó fún wọn ní yàrá àti ọ̀dà. Ṣùgbọ́n láti tako ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ wọn ni wọ́n fi ń pàdé. Ní 1961 tí wọ́n jáde, ẹgbẹ́ náà parí. Èrò wọn kò parí. Ní 1989 ẹ̀wẹ̀, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru dá Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀. Okediji àti Campbell kò tijú láti jókòó ti àwọn ìyá tí ń kun ojúbọ òrìṣà, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Irú ìjókòó-tini bẹ́ẹ̀ ni Aradagun ń béèrè. Ilẹ̀ àwọn Ègùn ni ẹkùn náà, àwọn tí ń pe ara wọn ní Ogu. Ẹni tí ó bá ti rí Zangbeto, tí ìko bò ó láti orí dé ilẹ̀, tí ó ń pòyì bí ìjì, ti rí iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gboyè nínú iṣẹ́-ọnà kò lè dá ṣe. Ahunní wà ní agbègbè náà, awunwọ̀n wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ bí a ti ń gbẹ́ Sato, ìlù tí ó ga tó ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí láàárín àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, àlejò ni yóò jẹ́ títí. Èyí tí ó tún burú jù ni ti àwọn tí ń ya Zangbeto fún títà láìtọrọ ìyọ̀ǹda. Zangbeto ní ẹgbẹ́ tí ó ni ín; ó sì ní ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Yorùbá tí inú rẹ̀ ń ru bí òyìnbó bá sọ ọpọ́n Ifá di ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀, kò gbọdọ̀ ṣe Ègùn bẹ́ẹ̀. Èdè wọn kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ.

Àwọn alátakò yóò béèrè ibi tí owó yóò ti wá. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n Okediji ti fi erùpẹ̀ lásán ya àwòrán, àjọ dídá kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá tàbí sí Ègùn. Kí ọ̀rẹ́ márùn-ún máa dá àjọ lóṣooṣù, kí ẹni tí ó kàn fi ra ohun èlò. Kí wọ́n máa ṣe àáró lórí iṣẹ́ ńlá bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe é lóko. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó kan ìṣó kan mọ́ ògiri, bí owó iṣẹ́ tí ayàwòrán àti ahunní bá jọ ṣe yóò ṣe pín, àti pé orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò wà lára rẹ̀. Bí olówó kan bá yọjú lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Kí ó wo iṣẹ́, kí ó ra èyí tí ó wù ú, kí ó san owó rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀.