Ẹ wo ìjánu àti iná kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wo ọ̀dà rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la mú wá lónìí. Kì í ṣe alùpùpù o, kẹ̀kẹ́ tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń wo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ bíi tálákà. Àwa olùkọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 4 tàbí 5 ní wákàtí kan. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, láì kánjú, lè lọ tó 12 sí 15. Ọmọ tí ilé rẹ̀ fi kìlómítà 6 jìnnà sí CEG yóò rìn ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, yóò sì tún rìn ín padà nínú oòrùn. Kẹ̀kẹ́ á gbé e débẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí, kò sì ní bèèrè ẹ̀sáǹsì.

Bí a ṣe ń ra kẹ̀kẹ́ náà ló ń kọ wá lóminú. Ẹni tó fẹ́ rà á á lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù tó ti Yúróòpù wá, á rí ọ̀dà tó ń dán, á rí vitesse 21, á kó gbogbo owó rẹ̀ lé e. Á wá gbé e wálé láìsí iná, láìsí aago, láìsí akoto. Lójú tiwa, ìdajì kẹ̀kẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà.

Ẹ wo ọ̀nà tí a fẹ́ gùn ún lé ná. Ní Kútọnu, àwọn òpópónà ńlá kan ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní piste cyclable. Ṣùgbọ́n alùpùpù ló kún ibẹ̀. Zémidjan ń gba ọ̀tún, òmíràn ń gba òsì, ẹlòmíràn pàtẹ ọjà rẹ̀ síbẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni kò yára jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni kò sí ohun tó bò ó lára. Nítorí náà, eré kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá. Kí wọ́n rí ọ, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí o sì lè dúró nígbà tó o bá fẹ́ dúró: mẹ́ta yìí ló ṣáájú. Ilẹ̀ Kútọnu tẹ́jú, kí la fẹ́ fi vitesse 21 ṣe níbẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìjánu wò. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà, pàápàá èyí tó ti Holland wá, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ la fi ń tì í sẹ́yìn kó tó dúró. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá yọ lójú ọ̀nà, ìjánu yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ rí i pé ó ní ìjánu ọwọ́ níwájú pẹ̀lú. Ẹ tún wo irin yíká tí táyà wà lórí rẹ̀: bó bá jẹ́ irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, tí rọ́bà ìjánu sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, kì í tètè dúró bí òjò bá ti rẹ ẹ́. Ti alumíníọ̀mù sàn jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí, táyà. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò yín bóyá ó ń rí irú rẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé tín-ín-rín, Presta ni wọ́n ń pè é; ẹ̀rọ àwọn tó ń fẹ́ táyà alùpùpù létí ọ̀nà kì í wọ̀ ọ́, àfi bí ẹ bá ra irin kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Ẹni tó ń gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ sí abúlé, kó má ra táyà tín-ín-rín rárá. Yanrìn á gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró sórí kẹ̀kẹ́ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Bí irin àárín bá kàn án lára, ó ti ga jù fún un. Ẹ má sọ pé yóò dàgbà bá a. Kó tó dàgbà ni ewu wà.

Ohun tó kù kò wọ́n tó ọ̀dà tó ń dán: iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, aago, akoto, dígí kékeré ní ọwọ́ òsì, irin ẹ̀yìn tí a ń di àpò ìwé mọ́, àti àgádágodo. Iná tí táyà ń yí sábà máa ń kú bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, nítorí náà ẹ fi iná oníbátìrì sẹ́yìn.

Ẹnìkan á ní, “Owó dà?” Èsì wa ni pé kí ẹ ra kẹ̀kẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, kí ẹ fi owó tó kù ra ìwọ̀nyí. Ọ̀dà kò gba ẹnikẹ́ni là rí.

Ẹ̀yin ará wa tó ń gun alùpùpù náà, a bẹ̀ yín. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wa kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run. Bí ẹ bá gbọ́ aago kékeré níwájú yín, ẹ dẹ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ ẹnìkan ló ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.