Kí A Kọ́ Ọmọ Ní Alùpùpù Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Ní Ẹṣin

Ẹ̀yin òbí wa ní Sókótó, àti ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ la bá wá.

Ọmọ tó dàgbà nílùú yìí kì í sá fún ohun tí a ń gùn. Nígbà ìtúnu ààwẹ̀ àti Iléyá, ojú rẹ̀ ni ẹṣin tí a di ní gàárì ṣe ń gba ìgboro kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọmọ ní ẹṣin mọ bí a ṣe ń ṣe é: ẹṣin tó tutù ni yóò wá, àgbàlagbà kan yóò di okùn rẹ̀ mú, wọn yóò sì máa rọra yí pápá po. Kò sẹ́ni tí í gbé ọmọ ọdún mẹ́fà gẹṣin kó ní kó dá nìkan gbọ̀nà ọjà lọ.

Tó bá wá kan alùpùpù, a ó pa ọgbọ́n yẹn tì. Ẹ wo Sabon Gari láàárọ̀: ọmọ ọdún mẹ́ta á jókòó lórí táǹkì epo níwájú bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí bàbá bá tẹ bíréèkì lójijì, àyà ọmọ ni yóò kọ́kọ́ gbá ọwọ́ alùpùpù. Bó bá sì ń sọ̀, sàlẹ́ńsà tó gbóná lè bó o lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó ti ń jókòó síbẹ̀ láti kékeré á gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n gùn. Kó tó pé ọdún méjìlá, wọ́n á ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó lọ ra búrẹ́dì.

A ò ní kí ẹ ti ọmọ mọ́lé o. Eré ìta ń mú ara ọmọ le, ó sì ń là á lójú. Òfin lásán náà ò sì tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé akoto, àwọn kan lọ fi igbá bo orí.

Akoto gidi ń gbani là. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ fi hàn pé ó ń fi ìdá 42 nínú 100 dín ewu ikú kù fún ẹni tó ń gun alùpùpù, ó sì ń fi ìdá 69 dín ewu ìfarapa orí kù. Ṣùgbọ́n akoto bàbá kì í ṣe ti ọmọ. Ẹ wá ti ọmọ, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ọn lágbọ̀n, kẹ́ ẹ ní kó mi orí. Bó bá ń yí, ẹ wá èyí tó kéré sí i.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ wa alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tó ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ pẹ́dààlì rẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ tì í. Bó bá ti dúró dáadáa, ẹ dá pẹ́dààlì padà, kẹ́ ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ kó kọ́ bá a ṣe ń dúró síbẹ̀.

Níbo ni yóò ti kọ́ ọ? Shehu Kangiwa Square wà láàárín ìgboro. Orúkọ gómìnà wa tó kú lọ́dún 1981, lẹ́yìn tó já bọ́ lórí ẹṣin nídìí eré pólò, ló ń jẹ́. Àgbàlagbà ni, ó sì mọ ẹṣin gùn; bó bá lè já bọ́, mélòó mélòó wá ni ọmọdé. Kí ìjọba fún àwọn ọmọ ní apá kan ibẹ̀ láàárọ̀ Sátidé títí di aago mẹ́sàn-án, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ kankan má sì wọ ibẹ̀. Kí mẹkáníìkì máa kọ́ àwọn tó ti tó ọdún 14 bí wọ́n ṣe ń yẹ bíréèkì àti pọ́lọ́ọ̀gì wò, láì tan ẹ́ńjìnnì.

Àwa òbí la ó dá owó akoto. Ilẹ̀ la ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba, àti òṣìṣẹ́ FRSC méjì tí yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.