Ẹni Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀ Lè Máa Gbọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ó yẹ kí a yẹ ara wa wò lórí bí a ti ń ṣe sí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A ó yí ibùsùn rẹ̀ ká, a ó máa jiyàn lórí ilẹ̀ àti ilé rẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa sọ̀rọ̀ ìsìnkú, bí ẹni pé igi ni ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Èyí kò dára.

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn Bicêtre, nítòsí ìlú Paris, tí ń jẹ́ Leborgne. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, "tan, tan" ni ó máa ń fi dáhùn. Ní 1861, Dókítà Paul Broca rí i pé bí wọ́n bá bi í pé ọdún mélòó ni ó ti lò níbẹ̀, á na ìka ọwọ́ márààrún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á sì fi ẹyọ kan lé e: ọdún 21. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Ẹnu rẹ̀ ń wí "tan", ṣùgbọ́n òye kò tíì tán nínú rẹ̀. Nígbà tí ó kú lọ́dún náà, Broca rí i pé iwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ni ó bàjẹ́.

Ní 1874, Carl Wernicke, ará Jámánì, ṣàlàyé irú mìíràn: ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu aláìsàn, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀, ohun tí a sì ń bá a sọ kò yé e. Ẹ kò rí i? Ọ̀tọ̀ ni sísọ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó yéni.

Ẹ rántí Hánà. Ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, Élì sì kà á sí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣàdédé dàrú mọ́ ènìyàn lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ lè máa gbàdúrà lọ́nà. Nílé, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ó lè mi orí sí, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ dá orin tí ó mọ̀. Àwọn kan kò lè sọ gbólóhùn kan, síbẹ̀ wọn a máa kọrin tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀.

Baba tí kò lè fọhùn, baba ni síbẹ̀. Ẹ kí i kí ẹ tó jókòó. Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ ẹni tí kò ní ohùn. Àmín.