Ẹ Má Fọ Ọmọláńgidi Àtijọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọláńgidi amọ̀ àtijọ́ láti Fushimi, ní Kyoto, ilẹ̀ Jàpáànì, bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o! Lẹ́yìn tí wọ́n bá sun amọ̀ náà ní iná tán ni wọ́n ń fi ẹfun tí a lọ̀ láti ara ìkarahun kùn ún, kí wọ́n tó ya ojú àti aṣọ sí i. Ọ̀dà náà kò tún wọ iná mọ́. Bí omi bá kàn án, á ṣí. Ẹni tí ó fọ̀ ọ́ kí ó lè dán, amọ̀ lásán ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀. Ẹ má sì tún un kùn. Ohun tí ó ti la ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, ẹ má jẹ́ kí ìmọ́tótó wa bà á jẹ́.